Íǹṣì Mẹ́ta tí Màmá Téèpù Máa Ń Yọ

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2025, kóòtù tuntun kan kọ̀, kò pàdé níwájú ikùn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Èmi tí mo máa ń gbé aṣọ rán ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà yẹ ìwé ìwọ̀n wọn wò: íǹṣì mọ́kànlélógójì. Ìwọ̀n ikùn ọ̀gá gan-an jẹ́ mẹ́rìnlélógójì.

Màmá Téèpù ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ránṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo, níbi tí ẹni tó jókòó ti ń gbọ́ ìwọ̀n ẹni tó dúró. Nítorí náà, bí ikùn ẹnìkan bá ti yọ síwájú, Màmá á yọ íǹṣì mẹ́ta kúrò, á wá pe iye rẹ̀ sókè, á fi “péré” kún un. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gé aṣọ mọ̀ pé níbi tí “péré” bá ti wọlé, òun ní láti dá mẹ́ta padà.

Mo sọ fún Màmá pé irọ́ nìyẹn.

“Irọ́ báwo, ọmọ mi? Ṣé wọ́n ń ka ikùn àgbàlagbà fún aráyé gbọ́ ni?”

Ní oṣù Kejì, àbúrò náà lọ bímọ. Màmá gba ọkùnrin kan tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá láti máa gé aṣọ. Àlejò ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ, ohun tó bá kọ ló ń gé. Kò sẹ́ni tó rántí ṣàlàyé “péré” fún un.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, oníbàárà márùn-ún ló jókòó. Ọ̀gá mí sínú títí, bọ́tìnnì kò dé ojú ihò rẹ̀.

Ìyàwó bíríkìlà kan lára wọn ní, “Ọ̀gá, ṣé ti ọmọ yín kọ́ lẹ gbé wọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. “Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Bí Màmá bá sọ òótọ́, ojú á ti ọ̀gá, àwọn márààrún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ìwọ̀n tiwọn.

Ìwé tó dá Àlejò láre wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé nílẹ̀ àwọn, ẹni tó bá gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ba iyì ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí Màmá tó ń ká téèpù rẹ̀ mọ́ ìka. Ó pa ìwé dé.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo gé e kéré.”

Ó jókòó, ó tú ẹ̀gbẹ́ kóòtù, ó sì fẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò pè é ní Àlejò mọ́. “Àbúrò mi” ló ń pè é. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe lè dúpẹ́ tán.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá padà wá rán ṣòkòtò. Ó di ọwọ́ ọkùnrin tó gé kóòtù rẹ̀ mú.

“Ẹ ṣé gan-an tí ẹ gba ẹ̀bi kóòtù yẹn sọ́rùn. Ikùn yìí ti wà kí ẹ tó wọ̀lú.”