Púlì Tí Kò Ní Rọ́bà Nínú

Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní kú láìkọ ọ̀rọ̀ púlì yìí sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó yẹ kó kà á ṣì wà láàyè, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í lò ó fún ìwé.

Àbúrò ọkọ mi ni. Nígbà tí mo wọ ilé wọn ní Ìlaró, ọmọ ọdún méje ni, ikun imú rẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Èmi ti gboyè ní yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo fún un lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń ṣe. Mo pè é ní Akọ̀wé, torí pé lọ́jọ́ tí mo dé, ó ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i tó ń kọ nǹkan nìyẹn. Mo fẹ́ kọ́ ọ ní físíìsì àti ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé ìwé ni kò jẹ́ kí ọbẹ̀ mi dùn. Ọmọ náà sì sọ ọ́ dorin, ó ń kọ ọ́ káàkiri àgbàlé. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Mi ò tíì gbàgbé ohùn orin náà.

Akọ̀wé di oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò ní Owódé. Nígbà tí púlì mọ́tò mi, irin róbótó tó ń yí bẹ́líìtì níwájú ẹ́ńjìn, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó gbé tuntun kan wá láti òdìkejì bọ́dà.

"Ìyàwó," ó ní, "èyí dára ju tàtijọ́ lọ. Gbé e wò. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mọ́tò rẹ á máa fò ni."

Mẹkáníìkì mi ní Ìlaró bá mi dè é. Ní ọjọ́ kejì, mo ń lọ sí Ayétòrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Igbogila, ni iná ẹ́ńjìn bá tàn yòò ní dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mẹkáníìkì gbé ẹ̀rọ tó fi ń yẹ mọ́tò wò wá. Ẹ̀rọ ní ẹ́ńjìn ń kọsẹ̀, pé plọ́ọ̀gì kìíní kò tanná bó ṣe yẹ. Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pa iná náà. Ọjọ́ kejì, iná tàn. Ẹ̀rọ ní plọ́ọ̀gì kẹta ni. Mo ní kó gbé kọ́ìlì, ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, tó wà lórí ìkẹta lọ sórí ìkejì, ká wò ó bóyá ẹ̀sùn á tẹ̀ lé e. Ẹ̀sùn kò tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, ìkẹrin ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

"Màmá," ni mẹkáníìkì wí, ó ń nu ọwọ́, "bóyá ẹ́ńjìn yìí ti darúgbó ni."

Darúgbó! Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tó fi dé etí Akọ̀wé, Akọ̀wé sì pe ọmọbìnrin mi àgbà tó wà lókè òkun. Wọ́n pinnu láìbi mí pé bí iná náà bá ṣì ń tàn títí di Sátidé, kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún Akọ̀wé kó máa bá mi tọ́jú mọ́tò. Ìtọ́jú! Mo mọ irú ìtọ́jú yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi náà wà ní ìtọ́jú nílé wọn títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: mọ́tò yẹn ni òmìnira mi. Òun ló ń jẹ́ kí n dìde níbi tí wọ́n bá ti rí mi fín, kí n sọ pé ó dàbọ̀, kí n sì lọ láìbẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé mi.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá mẹkáníìkì. Mo fa bébà pẹlẹbẹ kan ya nínú ìwé àjákọ mi, mo ní kó tan mọ́tò, mo sì di bébà náà mú lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ́ńjìn tó ń kọsẹ̀ a máa fa bébà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà tèmi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ síwájú láìdúró.

"Ẹ́ńjìn yìí kò kọsẹ̀," mo ní. "Ta ló ń purọ́ mọ́ ọn?"

"Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà?"

Ó họ orí. "Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́bàá kránkì, irin gígùn tí púlì wà lórí rẹ̀ yẹn. Ó ń ṣọ́ bó ṣe ń yí. Bí plọ́ọ̀gì kan ò bá tanná, irin á fà sẹ́yìn díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á rí i."

"Bí irin náà bá kàn ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Mo béèrè ohun tá a pààrọ̀ gbẹ̀yìn kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Púlì ni. Mo ní páálí rẹ̀ dà? Ó ti ń kó nọ́ọ̀tì sínú rẹ̀. Ó da nọ́ọ̀tì sílẹ̀, mo wọ awò ojú, mo kà á: *poulie allégée, sans amortisseur*. Faransé ni, púlì tí wọ́n mú fúyẹ́, tí kò ní *amortisseur*.

"A ti rí ìyẹn o, Màmá," ni ó wí. "Mo bi Akọ̀wé. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè ní amortisseur lódìkejì. Wọ́n ní torí kí oníbàárà kan má baà wá jà pé òun ò bá ṣọ́ọ̀kì nínú páálí púlì ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí táyà. Faransé Owódé! Orúkọ irin, èébú, ó tán! Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kì ni o, ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an? Ohun tó ń pa gbígbọ̀n ni. Mo ṣì ń nu omijé nígbà tí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wọlé, ó wá wo mọ́tò tó fẹ́ tọ́jú.

"Ìyàwó, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín báyìí? Àbí ẹ́ńjìn tìẹ náà ti ń kọsẹ̀?"

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi wo púlì àtijọ́ yìí. Irin méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Kí ló wà láàárín wọn?"

"Rọ́bà. Ó ti já."

"Iṣẹ́ wo ni rọ́bà náà ń ṣe?"

"Kí irin má baà máa gbọ̀n ni."

"Rọ́bà dà lára tuntun yín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú ẹ́ńjìn, ó wò ó. "Irin kan ṣoṣo ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́."

"Ẹ ṣeun. Kí ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe lẹ́sẹ̀ mọ́tò?"

Mo rí i bí ìdáhùn ṣe gun ọ̀fun rẹ̀ dé ìdajì, tó sì tún padà sísàlẹ̀. Mẹkáníìkì ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò ní ohun tó ń pa gbígbọ̀n," mo ní. "Irin ń gbọ̀n, sẹ́ńsọ̀ ń kígbe mọ́ plọ́ọ̀gì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin sì ti lọ sọ fún ọmọ mi pé mo ti gbó."

"Mọ́tò ni mo ní ó gbó! Mi ò sọ pé ìwọ." Ó gbé ojú kúrò. "Sátidé ò tíì pé ná."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mẹkáníìkì wá púlì tòkunbọ̀ kan tó ní rọ́bà, ó dè é, ó pa iná. Láàárọ̀ Sátidé, Akọ̀wé yọ sí mi, ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún un, mo ní kó wọlé, kó fojú ara rẹ̀ rí i. A kọjá Igbogila. Mo tẹ̀ ẹ́ dé eré tí iná náà ti máa ń tàn, mo sì dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kò sí iná. Inú mi dùn débi pé mò ń fọn fèrè mọ́tò káàkiri àwọn kòtò, mò ń kí àwọn ewúrẹ́.

Ìgbà tó ku díẹ̀ ká dé Ayétòrò ni fóònù dún. Ọmọ mi ni.

"Màmá, ṣé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Àwọn nìyí. Èmi ń wakọ̀." Mo gbé fóònù fún Akọ̀wé.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan," ni ó wí níkẹyìn. "Jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá yín. Sì tètè gbé fóònù sílẹ̀ jàre, eré tí wọ́n ń sá yìí ti pọ̀ jù."