Ìwọ́ Abíọ́nà

Ẹ̀yin tí iná bá lọ tí ẹ ń pariwo pé ogun dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.

Ẹja ni mo ń yan lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú. Òṣòdì ni Bàsì ti fẹ́ mi, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kó tó mú mi lọ sí abúlé wọn létí odò, lápá Kàlàbá. Ìbọn dún. Mo rò pé ọlọ́dẹ ni. Nígbà tí èkejì dún, òrùlé aládùúgbò wa ti lọ.

"Dìde," ni Bàsì wí. "Má mú nǹkan kan."

Oyún mi ti wọ oṣù rẹ̀. Inú igbó la wà, à ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ láìníyọ̀. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń bọ̀, a ó ki aṣọ bọ ẹnu àwọn ọmọdé. Ibi tí Bàsì ti ń ti ọkọ̀ wa sódò ni ìbọn ti bá a. N kò rí i sin. Òdìkejì odò, nílẹ̀ Kamẹrúùnù, ni mo bí Abíọ́nà sí. Nígbà tí ìwọ́ rẹ̀ já, n kò fẹ́ sin ín sílẹ̀ àjèjì. Mo dì í mọ́ etí ìró mi títí ogun fi parí, mo sì sin ín sẹ́yìn ilé bàbá mi ní Ìsọlọ̀.

Nígbà tó yá, owó epo dé. Gbogbo Ìsọlọ̀ ń kọ́lé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Abíọ́nà ti rọ láti àgọ́ àwọn tó sá ogun. Dókítà ní ìjọba yóò rán an lọ sókè òkun fún iṣẹ́ abẹ, bó bá ti ní pásípọ́ọ̀tù.

Akọ̀wé ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù bi mí pé, "Ìyá Abíọ́nà, níbo lẹ bí i sí?"

"Ìsọlọ̀." Irọ́ kọ́ lójú tèmi. Ibi tí ìwọ́ ẹni wà nilé ẹni.

"Ìwé ìbí ẹ̀ dà?"

Mo bá ṣàlàyé odò àti ìwọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín; àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín.

"Òfin ò mọ ìwọ́ o, mà. Wọn ò bí i síbí, bàbá ẹ̀ ló máa fi jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ lọ mú ẹbí bàbá ẹ̀ wá."

"Èmi tí mo bí i ńkọ́?"

"Ti ìyá ò sí níbẹ̀."

Inú bí mi. Ta ló pọ̀n ọ́n gba inú ebi kọjá?

Ẹ̀gbọ́n Bàsì ti Kàlàbá wá. Kó tó wọlé lọ búra, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó wa, tí mo bá búra pé ọmọ wa ni, ọmọ wa náà ni o. Tó bá ti òkè òkun dé, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

Abíọ́nà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Mo wò ó.

"Ẹ lọ búra," ni mo wí.

Ìbọn ti dákẹ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn wá kí mi, mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Omi bọ́ lójú mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì pè mí ní Màmá Ìsọlọ̀, nítorí màmá rẹ̀ wà ní Kàlàbá.