Òòlù Tó Ń Pe Orúkọ

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Agbówó là ń gbé nígbà náà, èmi, màámi àti bọ̀dá mi tí wọ́n ń ránṣọ. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Bọ̀dá mi a máa sọ pé òòlù ṣúmékà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ń pe orúkọ àwọn. A rò pé àwàdà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dìde nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gún ṣúmékà náà lọ́rùn. Ó kú.

Kóòtù ní kí dókítà ọpọlọ kọ́kọ́ yẹ bọ̀dá mi wò, bóyá orí wọn pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Dókítà náà sì ránṣẹ́ pe èmi àti màámi sí ọ́fíìsì wọn ní Ríìngì Róòdù.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi ń wádìí ìdílé wa. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń wá: ẹ̀tẹ̀, wárápá, wèrè. Àǹtí rẹ̀ kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Dókítà ní, “Mọ́mì, bí orí rẹ̀ kò bá pé lọ́jọ́ náà, wọn ò ní so ó kọ́, ìtọ́jú ni wọn yóò máa ṣe fún un. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ṣé ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́?”

“Rárá o.”

Mo ní, “Wọ́n ń gbọ́ ọ, sà. Wọ́n ní òòlù ń pe àwọn.”

Màámi rẹ́rìn-ín. “Dókítà, Aládùúrà ni wá. Ta ni kì í gbọ́ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa? Èmi náà ń gbọ́. Ṣé ẹ máa dá mi dúró síbí ni?”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ní ìdílé yín àti ti bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ǹjẹ́ orí ẹnikẹ́ni ti dàrú rí?”

Màámi wo ojú mi, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. “Kò sí.”

Dókítà tún rọra bèèrè.

“Mo ní kò sí.”

Àwọn wọ́dà mú bọ̀dá mi wọlé. Nígbà tí dókítà bi wọ́n bóyá nǹkan kan ń dààmú orí wọn, màámi ni bọ̀dá mi ń wò. “Kò sí nǹkan tó ṣe mí, sà.”

Dókítà sọ ní kóòtù pé àwọn ò rí ẹ̀rí tó tó. Wọ́n so bọ̀dá mi kọ́.

Ẹlẹ́wà Bódìjà wá kí wa. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ti ìjà nìyẹn, ìjà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Wèrè là ń bẹ̀rù.” A ṣe ìgbéyàwó.

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ni màámi tó sọ fún mi pé àbúrò bàbá wa kan wà, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ òpó títí ó fi kú.

“Òkúta ló máa ń pe orúkọ tirẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ọmọ méjì ni mo bí. Mo rò pé ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ìkejì má baà bọ́ pẹ̀lú.”

Ọmọ mi dàgbà díẹ̀, ó ń fa agolo mílíìkì kiri ilẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Màámi dìde lórí àga.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Mọ́tò mi ni, Màmá àgbà.”

“Ṣé ó ń dá ọ lóhùn?”

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú mi.