Ìdáhùn Ilé àti Ìdáhùn Ilé-Ìwé

Nílé wa ní Ire-Akari, ìdáhùn méjì ni àwọn ìbéèrè kan ní: ti ilé-ìwé àti ti ilé. Nílé-ìwé, Kánbẹ́rà ni olú ìlú Ọsirélíà. Nílé wa, Sídínì ni. Nílé-ìwé, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni aláǹtakùn ní. Tó bá ti wọ géètì wa, ó di mẹ́fà. Tòmátì tí tíṣà pè ní èso, ẹ̀fọ́ ni lọ́dọ̀ wa, torí Dádì ní ohun tí wọ́n bá ń lọ̀ mọ́ ata kò lè bá ọsàn ṣe ẹbí.

Bàbá wa ló ni ìdáhùn ilé, òun náà ló ń fi ṣe kúìsì fún wa. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a jẹun tán, á fa àga rẹ̀ síwájú, á bọ́ bàtà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni tó bá ń rí èrò tó ń ti gbogbo ayé dé lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ òpè. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ̀nba tó ṣì, tọkàntọkàn ló fi ṣì í. Ta ló máa wá sọ fún un? Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, a kì í wo ojú bàbá ẹni ká ní ó ṣì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní Kánbẹ́rà. Dádì wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. A ò mọ ohun tí àkísà fi kan Ọsirélíà, ṣùgbọ́n a gbà.

Ẹ̀rín lásán ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó mú wálé, kí Dádì tó fẹ̀yìn tì, bá a jiyàn lórí aláǹtakùn. Ó tiẹ̀ fẹ́ wá ọ̀kan lára ògiri kí wọ́n jọ kà á. Dádì ní òun ò ní fi ọmọ fún ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú. Ọdún ń gorí ọdún, kò mú ẹlòmíì wá mọ́, àdúrà Mọ́mì sì ń gùn sí i.

Nígbà tó wá rí òmíràn, ọmọ Ọ̀ṣun kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Okota, kò fi í ṣeré. Ó jókòó tì í, ó kọ́ ọ ní ìdáhùn ilé bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní àkọ́sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Tí mo bá ní oòrùn ńkọ́, á ní oòrùn kì í ṣe ìràwọ̀, ṣebí ìràwọ̀ kì í yọ lọ́sàn-án. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Èèyàn kàwé gboyè, ó tún wá ń ka àṣìṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi tó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́. Dádì fa àga síwájú. Ọmọkùnrin náà dáhùn bí a ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́: Sídínì, mẹ́fà, ẹ̀fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni Dádì bá yọ gíláàsì ojú ẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

Dádì ní kò sí ẹlòmíì láyé ńbí, àfi àwọn ọmọ òun, tó lè ṣi gbogbo ìyẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ìyókù. Fóònù tí a rà fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, olú ìlú Ọsirélíà ló kọ́kọ́ fi wò. Àtìgbà náà ló ti mọ̀. Gbogbo Ìsinmi tó ń bi wá, tí a rò pé ogbó ló ń dé, ṣe ló ń retí ẹni tó máa sọ fún un.

“Kò sẹ́nì kankan nínú yín,” ó ní. “Ẹ wá ń jẹ́ kí n máa wí i lọ níwájú àlejò.”

Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Ó ní ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí òun lé lọ jàre òun. Mọ́mì tó ń kó abọ́ dúró sójú kan.

Ọmọ Ọ̀ṣun tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun mọ Kánbẹ́rà, Sídínì tí òun wí, torí pé òun fẹ́ ọmọ wọn ni. Dádì ní kó dìde, ó ku ẹyọ kan.

“Àdán, ẹyẹ ni àbí ẹranko?”

A wo ara wa. A ò kọ́ ọ ní àdán. Ó ní ẹranko ni, ó ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú. Dádì ní ẹyẹ ni, ṣebí ó ń fò. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ojú bẹ ọmọkùnrin náà pé kó jọ̀ọ́, kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí i. Ó yíjú sí Dádì.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹyẹ kọ́.”

Dádì bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá bí ọmọkùnrin náà ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà tí òun ò bá fẹ́ gbọ́. Dádì ní kí ọmọkùnrin náà lọ sọ fún àwọn òbí ẹ̀ pé a ń retí wọn. Ijó ni Mọ́mì fi wọ kíṣìnnì lọ.

Nígbà tí wọ́n sin àlejò jáde, Dádì pè mí sún mọ́ ara ẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ẹyẹ kọ́ ni àdán. “Bí ẹ ṣe wí náà ni, sà” ti dé ètè mi.

“Ẹyẹ kọ́, Dádì.”

Ó mi orí. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún òun.