Ohùn Tó Wà Nínú Fáìlì Yẹn

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú nǹkan. Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Gomari, ní ìhà àríwá níbi tí Hausa ti pọ̀, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn fi géèmù sórí kọ̀ǹpútà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, gbé fílásì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti fi ohùn bàbá rẹ̀ rọ́pò ti òyìnbó tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ nínú géèmù, kí àwọn àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ pé Hausa nìkan ni wọ́n ń sọ lè máa gbọ́ Yorùbá. Ogójì ohùn ló dì sínú fáìlì kan. Fáìlì náà ò ṣí mọ́.

"Don Allah, mo bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rọra ṣe é. Àìsàn ti mú bàbá mi, wọn ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́."

Mo ní kó padà wá nírọ̀lẹ́.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan náà ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ inú gbogbo wọn, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀. Òfo ló wà níbẹ̀ nínú tirẹ̀. Mo kọ lẹ́tà náà padà. Ó ṣí! Dípò kí n kọ́kọ́ kó àwọn ohùn náà jáde síbòmíràn, mo tẹ ọ̀kan, mo ń gbọ́: "Ó gbá a sókè bí ẹni ń ju òkò sẹ́yẹ oko ìrẹsì, kò tiẹ̀ mọ ibi tó ń lọ!" Mo rẹ́rìn-ín. Èkejì ń gé léraléra bó ṣe ń dún. Mo bá ní kí kọ̀ǹpútà tún gbogbo ẹ̀ ṣe, lórí fílásì rẹ̀ gan-an. Fíìmù ló kún kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí àyè, nítorí náà a kì í da fáìlì oníbàárà kọ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè kà, ó dà á nù. Mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù.

"Bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn kí o tó gbé e wá," ni mo sọ fún un.

"Nagode, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé gan-an."

Ọpẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá a nílé wọn ní Old GRA, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ba ìyókù jẹ́.

Ó bi mí pé, "Ẹ ti kọ́kọ́ ṣí i?"

"Mo ṣí i. Mo gbọ́ ọ̀kan. Kò sí nínú èyí tó kù."

"Kí ni bàbá mi sọ nínú ẹ̀?"

Mo sọ ọ́. Ó na fóònù sí mi lẹ́nu láti gba ohùn mi sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo gbìyànjú. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Kò jọ." Ó pa ohùn mi rẹ́ lórí fóònù. "Ẹ wọlé, bàbá mi wà nínú yàrá, ẹ lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn fúnra yín."

Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ lé e.