Ọ̀wẹ̀ Mọ́nsúrátù Nílé Ẹ̀kọ́ Ọmọkùnrin

"Ẹ̀yin ọmọ, mo gbé ààlọ́ dé o!"

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Màmá, ká jọ tú u!"

Ó ré bọ́, kò bọ́ lé ìjàpá lórí. Orí Mọ́nsúrátù ará Ajah ló bọ́ lé.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ létí ọ̀sà, àwọn òyìnbó oníwàásù ló kọ́ ọ láyé Ọbabìnrin Fitóríà. Ìkarahun inú ọ̀sà ni wọ́n sun, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Ọmọkùnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ní kékeré, Mọ́nsúrátù a máa pọnmi fún wọn, bó bá yọjú lójú fèrèsé, tíṣà a ní, "Ìwọ, sọ omi kalẹ̀, kí o máa lọ!"

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ kó lọ síbòmíràn. Atẹ́gùn ṣí páànù, àdán jogún yàrá. Mọ́nsúrátù, tó ti di ìyá àgbà, ní kí wọ́n fún òun nílé náà kí àwọn ọmọbìnrin máa kàwé níbẹ̀. Bàbá Akínọ̀ṣọ́, olórí ẹbí onílẹ̀, fi í rẹ́rìn-ín.

"Bí o bá rí i bò kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, tìrẹ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó wó o, a ó ta ilẹ̀."

Mọ́nsúrátù àtàwọn obìnrin àdúgbò wá ògbólógbòó páànù jọ láti Jákàńdè. Ó wá bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn káfíńtà tó ń kọ́lé ní Ṣàngótẹ̀dó yóò wá lọ́jọ́ Àìkú, òun yóò sì bọ́ wọn. Àṣé ó gbàgbé ojú ọ̀run! Ẹ̀wà ń hó lórí iná nírọ̀lẹ́ Sátidé nígbà tí igbe ta ní mọ́ṣáláṣí: oṣù ààwẹ̀ ti lé.

Àwọn káfíńtà dé láàárọ̀. Yísà, ọ̀gá wọn, wo ìkòkò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọ̀wẹ̀ ààwẹ̀ lẹ bẹ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà dán ìgbàgbọ́ wa wò ni?"

"Yísà, ọmọ mi, ẹnu ló gbààwẹ̀, ọwọ́ ò gbà á. Ẹ jẹ́ kí oòrùn rọ̀. Bẹ́ ẹ bá kírun Alásàrí tán, ẹ gun orí ilé. Abẹ́ òrùlé yẹn la ó ti ṣínu."

Ìgbà tí wọ́n gòkè, ojú ọjọ́ ti ṣú. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ gbé àga síta, ó ń wòran.

"Òjò ń bọ̀ o, Mọ́nsúrátù!"

"Páànù náà ń bọ̀, Bàbá!"

Igi ìrókò àtijọ́ tó gbé òrùlé ró kò mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí ìṣó tó gbẹ̀yìn ṣe wọlé ni ládàánì pèrun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹ̀wà sáwo ni òjò ya lu páànù. Ẹnikẹ́ni ò ṣí àwo rẹ̀ nípò. Ẹ̀kán omi kan ò kán. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ẹ wọlé, Bàbá," ni Mọ́nsúrátù wí. "Tọkùnrin tobìnrin ló ń wọbí báyìí."

Ibẹ̀ náà ni ìwọ Rùkáyàt ti ń lọ kàwé láràárọ̀. Ó yá, ààlọ́ mi ti lọ sùn, ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ lé e. Fàtíù, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní ẹlẹ́ní!