Ìta La Ti Ń Pàdé Oòrùn

Èéfín ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí mo ti Ìkòròdú dé. Ilé ẹlẹ́ja ni wọ́n bí mi sí, mo mọ èéfín ẹja, ṣùgbọ́n òórùn igi ìrókò àtijọ́ wà nínú èyí. Mo yà sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó Múfú, àbúrò mi ọkùnrin, ló ń fi pákó ojú fèrèsé wa yan ẹja. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ṣépè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú fèrèsé yẹn. Káfíńtà á la pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á tò wọ́n dábùú léra bí ìpẹ́ ẹja, á wá kàn wọ́n mọ́ ìta fèrèsé, kì í ṣe inú. Ọ̀pá kan wà láàárín wọn. Tí o bá fà á sókè, gbogbo wọn á là. Tí o bá fà á wálẹ̀, wọ́n á padé, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ọ̀sà á ṣì máa yọ́ wọlé. Bàbá wa pín fèrèsé fún wa bí ẹni pín ilẹ̀ oko. Tèmi ni ti yàrá Ìyá wa, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí ládàánì bá ti pe ìrun àílà, kí n tó ṣe àlùwàlá, mo gbọ́dọ̀ ti fa ọ̀pá yẹn wálẹ̀. Ti pálọ̀ ni ti Múfú, kì í rántí. Bàbá á ní kó lọ jókòó sórí àga tí oòrùn ti yan, kó lè kọ́gbọ́n. Kò kọ́ ọ títí dòní.

Bàbá máa ń sọ pé, “Ìta la ti ń pàdé oòrùn. Tó bá ti wọlé, ó di àlejò tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.”

Nígbà tí owó dé ọwọ́ Múfú, ó ní pákó ń sọ ilé wa di ilé tálákà. Ó yọ gbogbo rẹ̀, ó fi gíláàsì ńláńlá sí i, ó kan éésì mọ́ ògiri. Éésì tí kò níná, kí ló fi sàn ju àpótí lọ? Ó so kọ́tínì tó nípọn kọ́ sínú yàrá, ṣùgbọ́n ooru á ti gba gíláàsì wọlé kó tó kan kọ́tínì. Ẹni bá da omi síwájú ní í tẹlẹ̀ tútù. Múfú da tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá wa, arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò lè gbé yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án mọ́. Á ká ẹní, á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ará ilé kejì bí ayálégbé tí wọ́n lé jáde. Ó ń gbẹ lójú mi.

Mo ní kó bá mi lọ sí Ìkòròdú, ó ní òun ò ní fi yàrá ọkọ òun sílẹ̀. Mo ní n ó mú káfíńtà wá. Múfú ní òun lòun ra fèrèsé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fi pákó sílé ọkọ yín.”

Ohun tí mo fi dá a lóhùn, kò ṣeé kọ síbí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì wà níwájú ilé, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyá wa jáde wá pẹ̀lú okùn àti àwọn ìró rẹ̀ tó ti gbó. Ó so okùn mọ́ igi òrùlé lójú fèrèsé rẹ̀ níta, ó bẹ̀rẹ̀ sí sá ìró bo gíláàsì náà. Múfú ní kí Ìyá wa jọ̀ọ́ kó wọn kúrò, àlejò ń bọ̀ wá wo ilé, wọn á ní ilé alágbàfọ̀ ni. Ìyá wa ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó fa kókó okùn náà le.

“Múfú, bàbá yín ló kú. Oòrùn ò kú.”

Múfú wọlé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn ń gbà lọ sílé kò yí padà, owó ò sì rí i ṣe. Èmi àti Múfú ò tíì kí ara wa, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Ìró náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá wa ti ń sùn nínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án.